Inú kan ló bí wọn: ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ibà, èkejì kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọdún 9. Oko kajú ló máa ń bá bàbá rẹ̀ lọ, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ títí, kò sì ní ju kí ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ kan lọ. Àbúrò rẹ̀, ọkùnrin náà ni, ọmọ ọdún 6. Abẹ́ àwọ̀n kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n oṣù kan kì í lọ kí n má gbé e lọ sí kẹ́míìsì. Ibà lónìí, ẹsẹ̀ ríro lọ́la. Tí òjò bá pa á, á máa sunkún pé egungun ń ro òun. Nígbà mìíràn, ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n bí omi epo. Ẹ̀kẹta, obìnrin, ṣì ń mu ọmú.

Ìyá ọkọ mi ní àbíkú ni, wọ́n fẹ́ ká lọ sín in ní gbẹ́rẹ́. Mi ò fẹ́ bá wọn jà, nítorí àwọn gan-an ló fẹ́ràn ọmọ náà jù. Ní ti jẹ́nótáìpù (lẹ́tà méjì tó ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tá a jogún, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá), AS ni ọkọ mi, AC ni èmi. Nígbà tá a fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n ní kò séwu, pé S méjì ni kò gbọdọ̀ pàdé. Láàbù kan ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ "sickling positive" síwèé, wọ́n ní AS bíi ti bàbá rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ AS ni, ṣebí wọ́n ní ibà kì í ṣe AS? Kí ló wá fà á?

Alàyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Ẹ̀gbẹ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tó ká mi lára jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: ìwé yẹn ò tíì sọ fún yín pé AS ni ọmọ yín.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi ni. Nínú àyẹ̀wò sickling, a máa ń po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ oògùn tó ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kúrò nínú rẹ̀, a ó wá wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Tí S bá wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Bó jẹ́ S kan ló wà níbẹ̀, bó jẹ́ méjì, bó jẹ́ S pẹ̀lú C, títẹ̀ náà ló máa tẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò yẹn lè sọ ò ju pé S wà. Ẹni tó bá fi kọ AS fún ọmọ, àbá ló dá.

Èyí tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni electrophoresis, níbi tá a ti ń fi iná mànàmáná fa ẹ̀jẹ̀ náà kí A, S àti C dúró ní àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ni kí ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n á máa kà. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà náà, ẹ tún tirẹ̀ ṣe tó bá dàgbà díẹ̀, torí irú ẹ̀jẹ̀ tó fi wà nínú oyún ṣì pọ̀ lára rẹ̀.

Èkejì, àwọn tó sọ fún yín pé S méjì nìkan ló léwu ò sọ òtítọ́ tán. Bàbá AS, ìyá AC: oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ AA, AS, AC tàbí SC, ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. SC, àìsàn ni. Ìdílé kan náà ni òun àti fòníkú-fọ̀ladìde tí S méjì ń fà (SS), àfi pé ó máa ń rọra ju SS lọ, ìyẹn gan-an ló sì fi ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ní Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, ẹ má fojú kékeré wo C. Láti apá Gánà àti Bùrùkínà Fásò ló ti pọ̀ jù, ó ń dín kù bó ṣe ń bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn, tó bá sì ti kọjá Odò Ọya sí òdìkejì, ó di ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Apá ìwọ̀-oòrùn odò náà làwa wà. Ó wà nílé wa.

Ọmọ Owé, Kábà

SC ni mí. Mo ti pé ẹni ọdún 43. Mo ń kọ èyí kí ọmọ yẹn má bàa rí ohun tí mo rí.

AS ni wọ́n ń pè mí láti kékeré. Mo gbá bọ́ọ̀lù, mo kọ ebè. Tí egungun bá ń ro mí, wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á fi adí pa mí lára. Nígbà tí mo di ẹni ọdún 29, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Fọ́tò tí wọ́n yà fi hàn pé orí egungun itan mi ti kú, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni dókítà kan tó béèrè fún electrophoresis, tí S àti C jáde.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti ojú. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú lè dí, kí àwọn mìíràn tí kò lágbára wá hù síbẹ̀, kí wọ́n bẹ́. Àwa SC ló máa ń ṣe jù, ó tilẹ̀ ju ti SS lọ. Ojú òsì mi ò ríran dáadáa mọ́. Ìyá wa, tó bá jẹ́ SC ni, tọ́mọ náà bá ti ń sún mọ́ ọdún 10, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́dọọdún, kódà bó bá ń kàwé geerege. Kì í dun èèyàn kó tó bàjẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ní pẹ́ láyé. Mo níyàwó, mo bímọ méjì, mo ń ṣiṣẹ́.

Ẹni Bùnú

Èmi AS ni mí, ibà ti dá mi gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí nìkan. Ọ̀rọ̀ pé AS kì í ṣe ibà yẹn, mi ò gbà á gbọ́.

Ará Ìyàrà ní Lọ́kọ́ja

Ẹni Bùnú, òtítọ́ lẹ sọ, AS ń ṣe ibà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà. Ìmọ̀ nípa jíìnì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní báòlójì títí di òní, ẹ jẹ́ kí n tú u.

Ìbéèrè ìyá yìí ni Anthony Allison béèrè. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òyìnbó ni, ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà ló ti dàgbà. Ó rí i pé létí òkun àti lẹ́bàá adágún Victoria, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀, àwọn tó ní S kan pọ̀ gan-an. Lórí àwọn òkè níbi tí òtútù ò jẹ́ kí ẹ̀fọn gbilẹ̀, wọn ò tó nǹkan. Ní 1954 ló kọ ọ́ jáde pé S kan ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni kòkòrò ibà ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹni tó jẹ́ AS, sẹ́ẹ̀lì náà kì í gbà á láyè láti gbilẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń yára tẹ̀, ara á wá sẹ́ ẹ jáde tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ̀fọn á jẹ ẹ́, kòkòrò á wọlé, ara á gbóná. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni akọ ibà, èyí tó ń fa gìrì, tó ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé láàárín ọjọ́ méjì. Ewu akọ ibà yẹn ni AS ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 10. Ó ṣeé ṣe kí àkọ́bí ìyá wa jẹ́ AS ní tòótọ́, kó sì jẹ́ ohun tó ń gbà á lóko kajú nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: SS àti SC ò ní ààbò yìí bí AS ṣe ní in. Ọmọ SS tí ibà bá mú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó kéré tẹ́lẹ̀ ló tún máa já wálẹ̀. Ibà wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí pé "ọmọ wa ní S méjì, ààbò rẹ̀ á di méjì." Rárá o.

S nìkan kọ́ ló ń mú ká yàtọ̀ síra. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa tí wọ́n ń pè ní Duffy. Irú kòkòrò ibà kan tó ń jẹ́ Plasmodium vivax, tó ń yọ àwọn ará Íńdíà lẹ́nu, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé bíi ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ò ní ẹnu ọ̀nà yẹn, vivax sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Falciparum, irú kòkòrò ibà tó ń dà wá láàmú, mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O, akọ ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n tí onígbáméjì bá wọ̀lú, tirẹ̀ ló máa ń le jù. Ohun tó gbani lọ́wọ́ àrùn kan lè fani lé òmíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ogún ẹ̀jẹ̀ ṣe rí.

Ẹni Bùnú, ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ ní ibà yẹn, ṣé wọ́n gún yín níka wò ó, àbí ara ló kàn gbóná tẹ́ ẹ ra oògùn?

Ẹni Bùnú

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gún mi níka. Wọn ò rí i nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Mọ̀pà

Ẹ ṣeun, tíṣà. Ìyá ọmọ, ìyá ọkọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà tó ń pe ọmọ ní àbíkú, ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́: ilé kan náà, ọmọ kan ń ṣe dáadáa, òmíràn ń wá ó ń lọ, egungun á wú, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ. Wọ́n rí i pé ó ń tẹ̀ lé ìdílé. Ẹ má bá màmá jà. Ẹ mú wọn dání lọ sí láàbù. Ìyá àgbà tó bá fojú ara rẹ̀ rí i ló máa ń tọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa jù.

Ní ti gbẹ́rẹ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kó dúró. Ara ọmọ tó ní S pẹ̀lú S tàbí C kì í tètè ṣẹ́gun kòkòrò tó bá gba ojú abẹ wọlé. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ ìhà òsì tí wọ́n ń pè ní àmọ́, tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀ yìí máa ń dí i pa. Ní ti SS, láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ti SC máa ń pẹ́ díẹ̀. Tó bá ti bàjẹ́, òtútù àyà, yírùnyírùn, àti kòkòrò tó ń wọ inú egungun á rí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìgbóná ara lásán ní ilé ẹlòmíràn fi jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nílé yín.

Ẹ ra tẹmọ́mítà. Tó bá dé 38.5, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ dúró dàárọ̀. Ẹ tún máa fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ lápá òsì nígbà tí ara rẹ̀ dá, kọ́wọ́ yín mọ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé ibẹ̀ wú gbandi, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tó ń rẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró wẹ̀ ẹ́.

Tí èsì bá jẹ́ SC, dókítà ló máa sọ oògùn. Ní àwọn kíníìkì wa, Paludrine lójoojúmọ́ fún ibà àti folic acid fún ẹ̀jẹ̀ ló wọ́pọ̀. Fún àwọn ọmọ SS, penicillin lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi pé ọdún 5. Láti 1986 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn bó ṣe ń gba ẹ̀mí wọn là. Ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wò bóyá ó gba ti pneumococcus (kòkòrò tó ń fa òtútù àyà), èyí tí wọ́n ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Omi, kó máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ẹ fún un ní ìgò tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé, kẹ́ ẹ sì sọ fún tíṣà pé kó máa jẹ́ kó lọ tọ̀.

Ẹ yẹ àwọ̀n yẹn wò pẹ̀lú. Mo ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdílé, tí ihò ara àwọ̀n wọn sì gba ọwọ́ mi.

Tíṣà Gbẹ̀dẹ̀

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, torí ọmọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ìyá mi hun aṣọ òfì kan kí wọ́n tó kú. Inú àpótí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí pẹ̀lú káńfọ̀, àwọn funfun róbótó yẹn. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo ní aṣọ ìyá mi ni màá fi wé e. Ọjọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Àwọn ará ilé ní ká máa gbé e sóòrùn àárọ̀, ká máa fún un ní omi glúkóòsì. Ọjọ́ kẹfà, kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ó ń na ẹ̀yìn gan. Ní ọsibítù, wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yè. Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa títí di òní.

G6PD ni wọ́n pe ohun tó ṣe é. Ohun kan ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kó má bàa fọ́, tirẹ̀ kò tó. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀ láìmọ̀. Ọmọkùnrin ló máa ń hàn lára jù, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní níbi tí obìnrin ti ní méjì. Wọ́n ní ibà ló mú kóun náà pọ̀ láàárín wa, torí kòkòrò rẹ̀ kì í gbádùn irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Èéfín káńfọ̀ ló fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Àwọn oògùn kan náà ń ṣe é: primaquine, dapsone, nitrofurantoin. Mo kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Ojú ọmọ tuntun tó bá ń pọ́n, oòrùn kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ ní ẹyinjú ọmọ yín máa ń pọ́n. Ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD náà wò lọ́jọ́ kan náà.

Àgbẹ̀ Kajú, Ọ̀gìdì

Mo ń ka gbogbo yín. Kíndìnrín ló pa ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ọ̀kan ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Àwọn èèyàn ń sọ oríṣiríṣi. Ṣé òun náà lè jẹ́ ogún ẹ̀jẹ̀?

Ará Ìyàrà ní Lọ́kọ́ja

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOL1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa kòkòrò àrùn sùnrunsùnrun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Oríṣi rẹ̀ méjì, G1 àti G2, gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí wọ́n ń pa kòkòrò tí ti àtẹ̀yìnwá ò ràn mọ́. Àmọ́ ní 2010, ó hàn pé ẹni tó bá jogún méjì, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu. Ó tún máa ń burú tí àìsàn mìíràn, bíi HIV tí kò gba ìtọ́jú, bá ti ń mú ara gbóná nínú: bí ara ṣe ń bá àrùn jà ló ń tì í láti pèsè APOL1 sí i, òun ló sì ń jẹ kíndìnrín. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2024, rí i pé nǹkan bí 3 nínú 10 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní méjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní i, kíndìnrín wọn ò ní bàjẹ́.

Ẹ ò nílò àyẹ̀wò jíìnì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá púrọ́tíìnì wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹ jáwọ́ nínú oògùn ara ríro tẹ́ ẹ máa ń lò lójoojúmọ́ nígbà ebè. Kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Kajú, Ọ̀gìdì

Mo gbọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìsánlú (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Òkun o. Gbogbo wa la lọ, ìyá ọkọ mi náà.

AS ni àkọ́bí. SC ni àbúrò rẹ̀. AA ni ọmọ ọwọ́. G6PD ọmọ mi kejì, èyí tó jẹ́ SC, pé. Mo sunkún nínú láàbù, ṣùgbọ́n mo tún dúpẹ́, torí ó ti ní orúkọ tí mo lè bá jà.

Màmá ní kí wọ́n yẹ tàwọn náà wò. AS ni wọ́n. Wọ́n jókòó pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ohun tí ọkọ mi gan-an ò gbọ́ rí: ọmọ méjì ni wọ́n ti sin kí wọ́n tó bí i, wọ́n sì gé etí ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bi ọ̀gá láàbù bóyá ó ṣì lè mọ ohun tó ṣe àwọn yẹn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni ì bá sọ ọ́. Màmá ní ó dáa.

Dókítà ti kọ Paludrine àti folic acid, a máa lọ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá pé ọdún 10, ó ti ní ìgò omi. Nọ́ọ̀sì wa, mo ra tẹmọ́mítà onígíláàsì. Màmá ò mọ̀wé kà, àwọn ló sì ń wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ tí mo bá lọ sọ́jà. Wọ́n ní kí n fi ọ̀dà èékánná pupa fa ìlà síbi 38.5. Mo ti fà á. Lálẹ́ àná, wọ́n fi wọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pè mí wá wò ó pé kò tíì dé ibi pupa.